Àwọ̀ Tó Wà Lára Ayaba

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ẹ kọ́kọ́ lọ fọ ọwọ́ yín. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, ẹ má sì fi nu ẹ̀yìn ṣòkòtò bíi ti ẹ̀gbọ́n mi Fẹ́mi, nítorí Dádì ń wò yín láti fàráńdà. Ní fúláàtì wa ní Fẹ́sítáàkì, kò sẹ́ni tó ń sún mọ́ tábìlì Dádì láàárọ̀ Sátidé láìfọwọ́, ì báà jẹ́ pásítọ̀. Dádì á gbé agolo bisikíìtì ńlá kan jáde láti inú yàrá, á tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, á sì máa kó ṣílè fàdákà àtijọ́ jáde níkọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kó ẹyin. Owó ayé àwọn baba ńlá wa ni, èyí tí wọ́n ń ná nígbà òyìnbó kí náírà tó dé: ọba onírùngbọ̀n tó dé adé wà lójú kan, igi ọ̀pẹ wà lójú kejì. Etí rẹ̀ nìkan la gbọ́dọ̀ fi ìka mú. "Ẹ má fọwọ́ kan ọba lójú," Dádì á wí. "Bí ọwọ́ ọlọ́ràá bá kàn án, kò ní fi hàn lónìí. Á dákẹ́ ni. Tó bá tó àkókò tó wù ú, á wá fẹjọ́ sùn." Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń bẹ̀rù pé ṣílè kan á sọ̀rọ̀ mi lọ́jọ́ kan. Ó sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi ló sọ.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni eyín iwájú mi yọ, tí Fẹ́mi fi ń pè mí ní Gáréèjì Aláìnílẹ̀kùn. Bí mo bá di ojú báyìí, mo ṣì ń gbọ́ àárọ̀ Sátidé ọdún náà: ìgbálẹ̀ ń ha sìmẹ́ǹtì nísàlẹ̀, kẹ́ẹ̀gì omi ń gbá ara wọn lórí àtẹ̀gùn, ìyá tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa ń bá rédíò kọrin ìyìn, ohùn tirẹ̀ ń ṣáájú ti rédíò, Mọ́mì sì ń po ẹ̀wà àkàrà nínú abọ́ títí yóò fi fẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà la ó gbọ́ ìsúfèé lórí àtẹ̀gùn. Bọ̀dá Láyí nìyẹn. Orin ìsìn ló máa ń fi súfèé, tó bá sì kan ibi gíga nínú orin náà, á dúró mí díẹ̀ kó tó gun àtẹ̀gùn tó kù. Abẹ́ Dádì ló ń ṣiṣẹ́ ní mínísírì. Ẹ̀sítéètì Rájí Ràsákì ló ń gbé, ẹsẹ̀ ló sì fi ń rìn wá, ó ní owó mọ́tò lòun fi ń ra ṣílè. Àbúrò ni lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ni, torí kò sí ẹlòmíì ní gbogbo Amúwò tó lè fi odidi àárọ̀ wo irùngbọ̀n ọba òyìnbó tó ti kú. "Ìyá Fẹ́mi," á pariwo sí kíṣìnnì, "àkàrà yín yìí ló ń mú mi wá o, kì í ṣe ṣílè." Mọ́mì á ní, "Irọ́ ni, Bọ̀dá Láyí. Bí mi ò bá dín in, ṣé ẹ ò ní wá?" "Màá wá. Mi ò kàn ní rẹ́rìn-ín ni."

Iṣẹ́ wọn ni láti sọ ipò tí ṣílè kọ̀ọ̀kan wà. Ìwé òyìnbó kan wà tó fi nọ́ńbà ṣe é, àmọ́ àwọn méjèèjì ti pa á tì, wọ́n ti ní tiwọn. Ṣílè tí ẹnikẹ́ni kò ná rí, Ọmọ Ìkókó ni. Èyí tó kàn jáde díẹ̀, tí òkè adé ọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ń họ, Ìyàwó ni. Èyí tó ti lọ ọjà tó ti bọ̀, tí irùngbọ̀n ọba ti di pẹlẹbẹ, Abilékọ ni. Ìyá Àgbà ni èyí tó jẹ́ pé adé nìkan la fi ń mọ̀ pé ọba ni. Bó bá burú ju ìyẹn lọ, Bọ̀dá Láyí á ṣí fìlà, á ní, "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà fún ẹbí." Ní Sátidé kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù á mú ṣílè kan lára ti ẹnìkejì lọ sílé, á wò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. Tí Sátidé mìíràn bá dé, wọ́n á gbé e sáàárín, wọ́n á jọ kà á, "Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta!", àwọn méjèèjì á sì pariwo ìdájọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa wo ẹnu ẹnìkejì kó tó sọ tirẹ̀. Bó bá bá ara mu, wọ́n á bọ ara wọn lọ́wọ́. Bí kò bá bá ara mu, àkàrà á tutù. Kò pẹ́ tí gbogbo ilé fi ń sọ ipò nǹkan. Bọ̀dá Láyí gbé mi sókè sí oòrùn lọ́jọ́ kan, ó yí mi síbí, ó yí mi sọ́hùn-ún, ó ní, "Ọmọ Ìkókó ni gbogbo ara Bùsọ́lá yìí, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀, hà, Ìyá Àgbà pọ́ńbélé ni."

Bí ṣílè bá funfun, èyí rọrùn. Ibi tó ti le ni àwọ̀. Fàdákà tí a bá fi sílẹ̀ jẹ́ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kì í wà bó ṣe wà. Afẹ́fẹ́ ilé, bébà tí wọ́n fi wé e, àpótí tó ń sùn sí, gbogbo wọn ló ń kùn ún díẹ̀díẹ̀: á kọ́kọ́ dà bí oyin, á di elésè àlùkò, á di búlúù létí, tó bá yá, á dúdú. Èmi rò pé ìdọ̀tí ni. Mo ní kí ló dé tí wọn ò fi eérú fọ̀ ọ́. Bọ̀dá Láyí gbá àyà mú: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yín wí? Ó fẹ́ bó ọba láwọ!" Dádì fà mí mọ́ra, ó fi sùúrù ṣàlàyé. Àwọ̀ yẹn, ó ní, ni ẹ̀rí pé wọn ò tíì fi ohunkóhun fọ ṣílè náà rí. Àmọ́ àwọ̀ kan náà ló tún ń bo ojú rẹ̀ mọ́ni. Bí irùngbọ̀n ọba bá ṣókùnkùn, ṣé ó ti jẹ ni, àbí àwọ̀ ló kàn bò ó? Ó mú ọ̀kan létí, ó ń yí i nínú oòrùn fàráńdà. "Wò ó. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń sáré yípo lábẹ́ àwọ̀ yẹn bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ojú rẹ̀ ṣì wà láàyè. Bí kò bá sáré, ó ti jẹ." Àwọn kan sì tún wà, ó ní, tí wọ́n á bó ṣílè tán, tí wọ́n á wá fi kẹ́míkà sè é kí ó lè tún láwọ̀ bí àgbà. Ojúlówó àwọ̀ máa ń wọnú ara wọn. Àwọ̀ sísè á kàn dúró lórí, bíi pọ́ńdà lójú ẹni tó ń sáré lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ ọ́n dájú? Mo béèrè. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "A kì í mọ̀ ọ́n dájú," Bọ̀dá Láyí wí. "Ìdí nìyẹn tí a fi jẹ́ méjì."

Èyí tí Dádì fẹ́ràn jù ni Ayaba. Ọba onírùngbọ̀n ló wà lójú rẹ̀ bíi ti yòókù, ṣùgbọ́n Ayaba ni Dádì ń pè é, Bọ̀dá Láyí sì máa ń kí i pé, "Kábíyèsí, irùngbọ̀n yín ńkọ́?" Bàbá tó bí Dádì ló fi í sílẹ̀ fún un, nínú bébà kan tí kò sẹ́ni tó tú u fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àárín rẹ̀ dà bí oyin, etí rẹ̀ búlúù bí ọrùn àdàbà, kò sì sẹ́ni tó lè tọ́ka sí ibi tí ọ̀kan parí tí èkejì bẹ̀rẹ̀. Dádì kì í jẹ́ kó jáde nílé. Àfi ọdún yẹn, lẹ́yìn Àjíǹde, tó wé e sínú áńkáṣíìfù, tó ní, "Láyí, gbé e lọ. Mo fẹ́ gbọ́ tẹnu ẹ." Sátidé tó dá a padà, òjò ń rọ̀, kò sí oòrùn tí wọn yóò fi wò ó, wọ́n kàn kà á bẹ́ẹ̀: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta! Dádì ní, "Ìyàwó!" Bọ̀dá Láyí ní, "Abilékọ!" "Abilékọ?" Dádì wí, bí ẹni tí wọ́n bú ní ìyá. "Ẹ̀gbọ́n, irùngbọ̀n yẹn ti jẹ. Àwọ̀ ló ń bò ó mọ́ yín lójú." "Kò jẹ! Ó ṣókùnkùn ni." "Ó dáa, ẹ jẹ́ kí oòrùn dá wa lẹ́jọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Dádì gbé Ayaba padà sínú agolo láìtún wò ó. Ṣùgbọ́n kí Sátidé náà tó dé, wọ́n ti rán Dádì lọ sí Bàúchì fún iṣẹ́ ìjọba, kò sì padà títí ọyẹ́ fi mú.

Mọ́mì kì í fi ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ṣeré. Ó gbé ìgò òróró tí wọ́n ti gbàdúrà sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní gbogbo ohun tí ọwọ́ Dádì ń kàn ni òun yóò fi àmì àgbélébùú sí, kí Ọlọ́run lè mú un padà wálé. Ó fi sí férémù ilẹ̀kùn, ó fi sí àga rẹ̀, ó fi sí ìrọ̀rí, ó fi sí bàtà àti táì àti abẹ tó fi ń fá irùngbọ̀n. Ó fi sórí èmi náà. Ti Fẹ́mi gba méjì, torí pé ọwọ́ Dádì ń kan orí tirẹ̀ jù. Lẹ́yìn náà ló ní ká lọ pọn omi. Àwọn nǹkan tó fi òróró sí lẹ́yìn tí a jáde, òun àti Ọlọ́run rẹ̀ ló mọ̀.

Dádì dé láyọ̀. Ohùn rẹ̀ ni mo fi jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì: "Ta ló da òróró sí táì mi?" Mọ́mì dá a lóhùn láti kíṣìnnì pé, "Òróró yẹn ló mú yín délé, ẹ so ó mọ́rùn bẹ́ẹ̀." A rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀la rẹ̀ ni Sátidé, oòrùn là gbangba, a sì gbọ́ ìsúfèé lórí àtẹ̀gùn. "Ẹ̀gbọ́n, adájọ́ ti dé o!" Bọ̀dá Láyí wí, ó na ọwọ́ sí oòrùn. "Ẹ gbé kábíyèsí jáde." Dádì ṣí agolo, ó mú Ayaba létí, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lófuurufú. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo rí i: ìlà pupa rúsúrúsú kan gba ojú ọba kọjá, òmíràn dábùú rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn fi X fagi lé iṣẹ́ ọmọ ilé ìwé. Ó fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó pẹ́.

"Láyí, kí lo ṣe sí i?"

"Sí kí ni, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ojú búrọ́ọ̀ṣì nìyí. Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì pa kẹ́míkà sí i. Wọ́n sè é ni. Ayaba kọ́ nìyí."

Bọ̀dá Láyí kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe eré, ó tẹ̀ síwájú. "Ẹ̀gbọ́n, òun ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí i nínú oòrùn. Ẹ wo abẹ́ àwọ̀ yẹn."

"Mi ò yí nǹkan kan. Ìwọ lo gbé e kẹ́yìn. Ìwọ náà lo pè é ní Abilékọ. Àṣé o ti wá Abilékọ kan sílẹ̀ tí o máa fi dípò rẹ̀."

"Ṣé olè lẹ̀ ń pè mí?"

Dádì dá ṣílè náà padà sáyè rẹ̀. Ó dé agolo. Mo máa ń rò ó pé bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, tàbí ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn ì bá rí nǹkan jiyàn lé lórí, wọ́n sì mọ ìjiyàn ṣe. Bọ̀dá Láyí kúrò nídìí tábìlì. Kò tíì fọwọ́ kan àkàrà, kò fọwọ́ kan ṣílè, síbẹ̀ ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún gbẹ, ó ní, "Ìyá Fẹ́mi, ẹ ṣeun," ó sì sọ̀ kalẹ̀. Kò súfèé. Mọ́mì jáde láti kíṣìnnì, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Dádì ní Láyí ti pààrọ̀ ṣílè mọ́ òun lọ́wọ́. Kò fi ṣílè náà hàn án, Mọ́mì náà kò sì ní kí ó mú un wá kí òun rí i. Ọkọ rẹ̀ ló sọ̀rọ̀, ó gbà á gbọ́, ó gbàdúrà fún Bọ̀dá Láyí pé kí Ọlọ́run yí i lọ́kàn padà.

Ẹnì kan ṣoṣo ni Dádì sọ ọ́ fún ní ọ́fíìsì. Ó ti tó. Láti ọjọ́ náà, bí báírò bá sọnù níbẹ̀, tábìlì Bọ̀dá Láyí ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé òun lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Dádì ṣì ń tẹ́ aṣọ funfun ní Sátidé, ó ṣì ń gbé àga méjì sí fàráńdà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pariwo ohun tó yàtọ̀ mọ́, díẹ̀díẹ̀ gbogbo ṣílè inú agolo wá di Ìyàwó. Àánú rẹ̀ ṣe mí lọ́jọ́ kan, mo ní kí n bá a kà á. "Fọ ọwọ́ ẹ," ó wí, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀. Mo fọ̀ ọ́. A kà á. Mo mọ ohun tó máa wí, èmi náà sì pariwo ẹ̀. Ó gbé ṣílè náà kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "O ò wò ó, Bùsọ́lá," ó wí. Kò bínú. Ó ṣe é bí ẹni tó ti rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, mo ti wà ní yunifásítì, èmi pẹ̀lú rẹ̀ wà nínú mọ́tò ní Mazamaza, a rí Bọ̀dá Láyí tó dúró létí títì pẹ̀lú ọsàn nínú ọ̀rá. Dádì dẹ eré. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ lórí ohun tí wọ́n fi ń yí gíláàsì sísàlẹ̀. Ọwọ́ náà wà níbẹ̀ títí a fi kọjá. Kò yí i.

Dádì ti kú báyìí. Mo padà sí Fẹ́sítáàkì láti bá Mọ́mì kó yàrá rẹ̀, mo sì gbé agolo sórí tábìlì. Ayaba wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, òun nìkan nínú áńkáṣíìfù, bí ọmọ tí wọ́n ní kó lọ kúnlẹ̀ sí kọ̀rọ̀. Mo fọ ọwọ́ kí n tó mú un, ẹ̀rù Dádì ṣì ń bà mí. Bóyá omi ló kù lọ́wọ́ mi, ó yọ̀ bọ́, ó yí bìrí lórí tábìlì, ó sùn. Gbogbo ìgbà tí Dádì ń wo ṣílè, ó máa ń gbé ọba dúró ṣánṣán ni, gẹ́gẹ́ bí ọ̀wọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ọba dà gẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn, adé rẹ̀ kọ ojú sí igun tábìlì. Ohun tó wà lójú rẹ̀ kì í ṣe X mọ́. Àgbélébùú ni. Mo gbé ojú sókè sí férémù ilẹ̀kùn: àbàwọ́n òróró àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, ọwọ́ kan náà, ìlà gígùn kan, èyí tó dábùú rẹ̀ sì dà díẹ̀ sápá ọ̀tún.

Mọ́mì ń bó ẹ̀gúsí lórí àga. Mo gbé e lọ bá a. "Mọ́mì, ẹ wo èyí."

Ó fà á mọ́jú, ó rẹ́rìn-ín. "Háà, ọwọ́ mi nìyí! Ìka kékeré ni mo fi ṣe é, torí ó kéré. Mo gbàdúrà sí i kí ó má baà sọnù mọ́ Dádì yín lọ́wọ́."

"Ìgbà wo ni?"

"Ìgbà tó lọ sí Bàú…" Kò parí rẹ̀. Ẹ̀gúsí tó ń bó wà láàárín ìka rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Kò fi hàn mí rí, Bùsọ́lá. Títí tó fi lọ, kò fi hàn mí rí." Ó gbé ẹ̀gúsí náà kalẹ̀. "Dìde. Lọ wá Bọ̀dá Láyí lọ."

Èmi tí mo fẹ́ràn láti máa fi Dádì ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò rí yẹ̀yẹ́ kan ṣe nínú èyí. Òun ló kọ́ wa pé ọwọ́ ọlọ́ràá máa ń dákẹ́ kó tó fẹjọ́ sùn. Òun ló rí òróró lára táì. Ó mọ gbogbo ohun tó yẹ ní mímọ̀, ó kàn ti dá ẹjọ́ kí oòrùn tó dá a ni.

Ilé kan náà ni Bọ̀dá Láyí ṣì wà ní Rájí Ràsákì. Ó jókòó síwájú ilé lórí àga rọ́bà, nǹkan funfun ti bo ojú rẹ̀ méjèèjì, kò ríran dáadáa mọ́. "Ta nìyẹn?" "Bùsọ́lá ni, sà. Láti Fẹ́sítáàkì." Ó ronú díẹ̀. "Gáréèjì Aláìnílẹ̀kùn!" A jọ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì tètè tán. "Mo gbọ́ nípa Ẹ̀gbọ́n," ó wí. "Mo wá. Mo dé ìdí àtẹ̀gùn yín. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gùn ún láìsúfèé, mo bá padà." Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: Bàúchì, òróró, àgbélébùú, ọba tó dà sẹ́yìn. Ó gbọ́ ọ tán. Ọmọ kan ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri ilé kejì.

"Òróró," ó wí nígbẹ̀yìn. "Ṣé o mọ̀ pé mo ti gbà pé èmi ni? Kì í ṣe olè jíjà o. Mo ní bóyá mo fọwọ́ kan án lójú láìmọ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni mo fi ń wo ọwọ́ ara mi."

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ bá wa dárí ji Dádì."

"Ẹnu tirẹ̀ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ," ó wí. Kò fi ìbínú sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò tún fi nǹkan kan lé e. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. "Bu omi wá. Mú ọṣẹ dání."

Ó fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó nù ún gbẹ. Mo gbé Ayaba fún un, ó mú un létí, ìka rẹ̀ kò kan ọba lójú. Ó gbé e sínú oòrùn, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní fàráńdà wa, ojú tirẹ̀ sì kọ sí ibòmíràn. "Bá mi wò ó," ó wí. "Wo irùngbọ̀n tí mo ní ó ti jẹ yẹn. Ṣé ìmọ́lẹ̀ ń sáré lábẹ́ àwọ̀ yẹn?"

Lọ́tẹ̀ yìí mo wò ó. Ìmọ́lẹ̀ gba abẹ́ oyin, ó gba abẹ́ búlúù, ó gba abẹ́ àgbélébùú Mọ́mì pàápàá kọjá, ó yípo irùngbọ̀n ọba bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́.

"Ó ń sáré, sà."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó ń sáré."

Ó mi orí pé òun gbọ́. Ó gbé ṣílè náà sórí orúnkún rẹ̀, sáàárín, bí ẹni pé àga kejì wà níwájú rẹ̀. "Ọ̀kan," ó wí. "Èjì." Mo ti la ẹnu, mo rántí ọjọ́ tí mo ti bá ẹlòmíì pariwo ohun tí kì í ṣe tèmi, mo pa á dé. "Ẹ̀ta."

Ó dúró fún ohùn kejì. Ó dúró pẹ́.

"Ìyàwó," ó wí, òun nìkan.